Yàrá Kékeré Lẹ́yìnkùlé: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni Tó Fẹ́ Yáwó Ẹgbẹ́ Kọ́lé

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí a ṣàdédé yàn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ló béèrè fún un, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ láàrin wa ló jẹ́ kó di dandan.

Gbogbo wa la mọ bí àgbègbè wa ṣe yí padà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí Èbúté Omi Jíjìn Lẹ́kkí. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún yẹn, ọkọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹrù níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n tún ṣí ilé ìfọpo Dangote tó wà nítòsí rẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn awakọ̀ tírélà, àwọn ẹnjiníà, àwọn tó ń báni gba ẹrù ní èbúté àti àwọn akọ̀wé wọn ń wá ibi tí wọn yóò sùn àti ibi tí wọn yóò ti ṣiṣẹ́, láti Ajah títí dé Akódò. Ẹni tó bá ní àyè díẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á máa sọ fún un pé, "Èmi náà á kọ́ yàrá kan síbẹ̀." Ẹlòmíràn fẹ́ fi ṣe ọ́fíìsì tirẹ̀, kó lè bọ́ lọ́wọ́ owó ṣọ́ọ̀bù. Ẹlòmíràn fẹ́ kí àlejò tàbí ìyá rẹ̀ tó bá wá láti ilé rí ibi sùn. Èrò rere ni gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé, ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òwe yìí ni ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LÁÀRIN WA

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń gbé lẹ́yìn Ṣàngótẹ̀dó yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ láti kọ́ yàrá kan àti ilé ìwẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́, kí àwọn yòókù lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n. A kò ní dárúkọ rẹ̀, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wá a kiri.

Kò ya pláànù. Bíríkìlà tó pè fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀, ó ní, "Bàbá, yàrá kékeré lásán ni, kí la fẹ́ fi pláànù ṣe?" Wọ́n fi ògiri ẹ̀yìn ti ọgbà aládùúgbò. Wọ́n gbé igun kan yàrá náà lé orí sókàwéè àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rántí ibi tó wà gan-an. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà dé, sókàwéè náà rì, ilẹ̀ yàrá là sí méjì, ògiri sì fẹ̀gbẹ́ kan. Aládùúgbò pariwo pé omi ń ti ibẹ̀ ya wọ ilé òun. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri. Ó di wíwó.

Yàrá lọ, gbèsè kù. Nígbà tí kò lè san án mọ́, àwọn oníduùró rẹ̀ méjì, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ opó tó ń ta ẹja, ni ẹgbẹ́ ń yọ owó nínú ìfipamọ́ wọn. Ẹ gbọ́ o, ìyẹn ló dùn wá jù lọ. Ọkùnrin náà ti ń san án padà díẹ̀díẹ̀ báyìí, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò sá. Ṣùgbọ́n a ní láti sọ òótọ́: àwa ìgbìmọ̀ náà jẹ̀bi. Iye tó ní nínú ìfipamọ́ la wò, a wo ìwé oníduùró, a sì fọwọ́ sí i. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó béèrè pé, "Níbo lẹ fẹ́ kọ́ ọ sí? Ẹ jẹ́ ká rí i."

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká jọ kọ́ bí ó ṣe yẹ kí a ṣe é, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

1. KÍ LA FẸ́ FI YÀRÁ NÁÀ ṢE?

Kí ẹ tó pe bíríkìlà, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ kọ ìdáhùn ìbéèrè yìí sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ibùsùn àlejò, ó nílò ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọ́fíìsì, ó nílò ìmọ́lẹ̀, iná mànàmáná tó dára, àti ọ̀nà tí oníbàárà lè gbà wọlé láìgba inú pálọ̀ yín kọjá. Bí ó bá jẹ́ fún ayálégbé, ó nílò mítà iná tirẹ̀ àti ibi ìdáná, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ má ṣe sọ pé, "Ká ṣáà kọ́ ọ ná, a ó máa rò ó." Bí ẹ bá kọ́ yàrá àlejò, tí ẹ wá sọ ọ́ di ọ́fíìsì lọ́la, ẹ ó fọ́ ògiri, ẹ ó tún wáyà fà, owó kejì sì ti ń jáde nìyẹn. Ẹ tún mọ̀ pé ilé tí ìjọba fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí ibùgbé, a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí a tó sọ ọ́ di ibi òwò. Ẹ béèrè ìyẹn pẹ̀lú nígbà tí ẹ bá ń gba ìwé.

2. ILẸ̀ NÁÀ ŃKỌ́?

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àkóso gómìnà. Ní agbègbè Ìbèjú-Lẹ́kkí, ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá agbègbè òwò ọ̀fẹ́ Lẹ́kkí sílẹ̀ ní ọdún 2006. Ní ọdún 2024, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú ọ̀nà etí òkun tó lọ láti Èkó sí Kàlàbá, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wà lójú ọ̀nà náà rí ilé àti ṣọ́ọ̀bù wọn tí wọ́n wó. Àwọn mìíràn kọ́lé sójú ọ̀nà omi, katakata sì wá bá wọn.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi búlọ́ọ̀kù kan lé orí èkejì, ẹ mú ìwé sọ́féè yín lọ sí ọ́fíìsì Sọ̀féyọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ ní Aláùsá, kí wọ́n yẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ wò. Wọn yóò sọ fún yín bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sí abẹ́ ilẹ̀ ìjọba, bóyá ó bọ́ sí ojú títì tàbí ojú ọ̀nà omi. Owó díẹ̀ ni ìyẹn ń ná ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé, "A ti ń gbé níbí láti ọjọ́ tó ti pẹ́." Kátàpílà kì í béèrè ọjọ́ orí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Àjọ tó ń fúnni ní in ní Ìpínlẹ̀ Èkó ni a mọ̀ sí LASPPPA, ó sì ní ọ́fíìsì káàkiri ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni ìwé ilẹ̀, ìwé sọ́féè, ẹ̀rí pé ẹ ń san owó orí, àti àwòrán ilé tí ẹni tó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà fọwọ́ sí. Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, àjọ mìíràn tí a mọ̀ sí LASBCA ni yóò máa wá wo iṣẹ́ náà ní ìpele ìpele. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n tó wá fúnra wọn.

Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò sọ pé, "Ṣé yàrá kan ṣoṣo náà nílò ìwé?" Bẹ́ẹ̀ ni o. Òfin kò wo bí ilé ṣe tóbi tó. Bí ilé ńlá tó wà níwájú kò bá tilẹ̀ tíì ní ìwé, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ àwọn ajagungbalẹ̀ náà ń kọ́? Ní ọdún 2016, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá ń fi ipá gbalẹ̀ tàbí tó ń fi ipá gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé. Bí wọ́n bá dé, ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì dá nìkan dúró. Ẹ gba nọ́ńbà ọkọ̀ wọn, ẹ pe àwọn ará àdúgbò, kí ẹ sì lọ fi ẹjọ́ sùn.

3. ÀWÒRÁN ÀTI ÌWỌ̀N

Ẹ lọ síta ní ọjọ́ Sátidé kan pẹ̀lú okùn ìwọ̀n. Ẹ wọn ẹ̀yìnkùlé yín láti ọgbà dé ọgbà. Ẹ ya á sórí ìwé, kí ẹ sì fi àmì sí ibi tí nǹkan mẹ́fà yìí wà: ilé ńlá, kànga tàbí boríhóòlù, sókàwéè, igi, ibi tí omi òjò ń gbà jáde, àti ọ̀nà ẹnubodè. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí sókàwéè wà, ẹ pe ẹni tó kọ́ ilé náà tàbí ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò bí ó bá gba bẹ́ẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọmọ ẹgbẹ́ wa ti ṣìnà.

Ẹ fi àlàfo sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ibùgbé, mítà mẹ́ta ni wọ́n máa ń béèrè láàrin ilé àti ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn. Ẹ béèrè iye tó jẹ́ ti àdúgbò yín ní ọ́fíìsì LASPPPA. Àlàfo yìí kì í ṣe ìyà. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà, ibẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ pa iná ń gbà, ibẹ̀ náà ni ẹni tó fẹ́ kó ìdọ̀tí sókàwéè yóò gbé rọ́bà rẹ̀ gbà. Bí àyè ẹ̀yìnkùlé yín kò bá tó láti fi àlàfo sílẹ̀, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò sí àyè fún yàrá. Ó sàn kí okùn ìwọ̀n sọ ìyẹn fún yín ju kí kátàpílà sọ ọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí a ó máa lò títí dé òpin ẹ̀kọ́ yìí. Ká ní yàrá náà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 18. Ìyẹn jẹ́ bíi mítà 3.6 sí mítà 5.4. Ẹsẹ̀ bàtà 12 àkọ́kọ́ jẹ́ yàrá fúnra rẹ̀. Mẹ́fà tó kù, a pín in sí méjì: ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní apá kan, ibi ìdáná kékeré ní apá kejì. Yàrá bẹ́ẹ̀ tó fún ènìyàn kan tàbí tọkọtaya, ó sì tó fún ọ́fíìsì ènìyàn méjì.

Ẹ fi fèrèsé méjì sí i, kí wọ́n dojú kọ ara wọn. Afẹ́fẹ́ wa sábà ń ti ọ̀nà òkun wá. Bí ó bá wọlé láti fèrèsé kan, tí kò rí òmíràn jáde, yàrá á máa gbóná bí ààrò. Ẹ jẹ́ kí òrùlé yọ síta dáadáa, kí òjò má baà máa na ògiri.

4. OMI: Ọ̀TÁ TÓ WÀ LÓKÈ ÀTI NÍSÀLẸ̀

Láàrin òkun àti ọ̀sà ni àwa ń gbé. Ní ibi púpọ̀ lápá Ajah, ilẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn dí ni, àbàtà ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ nígbà òjò, omi dé. Àwọn tó kọ́ èbúté fúnra wọn, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ wọn, wọ́n kọ́kọ́ to òkúta sínú òkun kí ìgbì má baà da iṣẹ́ wọn rú. Bí àwọn alágbára bá ń bẹ̀rù omi, àwa ńkọ́?

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ gbẹ́ kòtò kékeré kan síbi tí ẹ fẹ́ kọ́lé sí, kí ẹ wo irú ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ àti ibi tí omi dúró sí. Bí ó bá jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú tó rọ̀, ẹ má dá a ṣe. Ẹ pe ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́ ìpìlẹ̀.

Èkejì, ẹ gbé ilẹ̀ yàrá ga ju ojú títì àti ju ibi tí àgbàrá dé ní ọdún tó kọjá lọ. Kí wọ́n tó da kọnkéré ilẹ̀, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní jámánì fúlọ̀, ẹ ní kí wọ́n tẹ́ náílọ̀nù dúdú tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, kí ọ̀rinrin má baà máa gun ilẹ̀ àti ògiri. Bí ẹ bá rí ilé tí ọ̀dà ara rẹ̀ ń bó nísàlẹ̀ lọ́dọọdún, ọ̀rinrin yìí ló ń ṣe é.

Ẹ̀kẹta, sókàwéè. Níbi tí omi ilẹ̀ bá sún mọ́ òkè, ìdọ̀tí sókàwéè lè tètè dé inú kànga. Àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń dárúkọ mítà 30 láàrin kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi mímu. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa kò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí sókàwéè ilé ńlá bá ṣì lágbára, ẹ ronú àtigbé páìpù yàrá tuntun lọ síbẹ̀ dípò kí ẹ gbẹ́ òmíràn. Ẹ má sì mu omi kànga tó wà nítòsí láìsè é.

Ẹ̀kẹrin, ibo ni omi òjò orí páànù yín yóò gbà lọ? Bí ó bá ń ya lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, ìjà ti dé. Ẹ gbẹ́ gọ́tà kékeré, kí ẹ darí rẹ̀ sí ti àdúgbò. Ẹ má ṣe kọ́ ohunkóhun dí ojú ọ̀nà omi. Omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀.

5. OHUN ÈLÒ

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò búlọ́ọ̀kù yàrá tí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ògiri ìta yí ká jẹ́ mítà 18. Ògiri inú tó dá yàrá sọ́tọ̀ jẹ́ mítà 3.6, èyí tó pín ilé ìwẹ̀ àti ibi ìdáná jẹ́ mítà 1.8. Àpapọ̀ jẹ́ mítà 23.4. Bí ògiri bá ga ní mítà mẹ́ta, ẹ sọ 23.4 di ìlọ́po mẹ́ta, ó jẹ́ 70.2. Ẹ yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, tí ó tó bíi 8.6. Ó ku bíi 62. Mítà kan níbùú lóròó ń gba búlọ́ọ̀kù bíi mẹ́wàá. Nítorí náà, bíi 620 ni. Ẹ fi 30 kún un fún èyí tí yóò fọ́, ó di 650. Ti ìpìlẹ̀ kò sí nínú rẹ̀ o. Ẹ ka ìyẹn sọ́tọ̀.

Kí ló dé tí a fi ń ṣe ìṣirò yìí? Nítorí pé ẹni tí kò mọ iye tó nílò, iye tí wọ́n bá kó wá ni yóò sanwó fún.

Ẹ yẹ búlọ́ọ̀kù wò kí ẹ tó rà á. Ẹ fi ìṣó ha á lára: bí ó bá ń ṣubú bí ìyẹ̀fun, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gbé e sókè ní ìwọ̀n orúnkún, kí ẹ jù ú sílẹ̀: èyí tó dára kì í fọ́ yángá. Bí ẹ bá ń ṣe é fúnra yín, ẹ máa bu omi rin ín fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó gbẹ, ẹ má sá a sóòrùn bí ẹja.

Iyanrìn etí òkun wà nítòsí wa, ó sì pọ̀. Ẹ má lò ó! Iyọ̀ inú rẹ̀ ń jẹ irin tó wà nínú kọnkéré díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wú, tí kọnkéré á sì là. Iyanrìn odò tó mọ́ ni kí ẹ rà. Omi tí ẹ ó fi po sìmẹ́ńtì náà, kó má jẹ́ omi iyọ̀. Afẹ́fẹ́ òkun tún máa ń jẹ páànù lásán. Bí agbára bá wà, ẹ ra páànù alumíníọ̀mù tó nípọn. Ẹ fi òògùn ikán pa igi òrùlé kí ẹ tó kàn án.

Fún kọnkéré, ìwọ̀n tí gbogbo bíríkìlà mọ̀ ni ọ̀kan, méjì, mẹ́rin: sìmẹ́ńtì ọ̀kan, iyanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Ẹ dúró tì wọ́n níbi tí wọ́n ti ń po ó. Bí wọ́n bá bu omi pọ̀ jù kí ó lè yá láti dà, agbára rẹ̀ ti dínkù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá da líńtẹ̀lì, ẹ máa bu omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sáré yọ pákó abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan nípa jẹnẹrétọ̀: ẹ má gbé e sí ẹnu fèrèsé tàbí sínú kọ́rídọ̀ láàrin yàrá tuntun àti ilé ńlá. Èéfín rẹ̀ kò rùn tó láti jí ẹni tó sùn, ó sì ń pa ni.

6. OWÓ

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ kan ẹgbẹ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé, "Owó ilé náà ni yóò san gbèsè." Ẹ jẹ́ ká wò ó. Iye owó tí a ó lò níbí, àpẹẹrẹ lásán ni.

Ká ní ẹgbẹ́ yá yín ní ₦2,000,000 fún oṣù 24, èlé rẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Iye tí ẹ ó san jẹ́ ₦2,200,000. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 24, ó lé díẹ̀ ní ₦91,600 lóṣù. Ká ní ayálégbé yóò máa san ₦600,000 lọ́dún. Ìyẹn jẹ́ ₦50,000 lóṣù. Bí ó bá tilẹ̀ san ọdún méjì pé, láìjẹ́ pé yàrá ṣófo fún ọjọ́ kan, ₦1,200,000 ni gbogbo rẹ̀. ₦1,000,000 ṣì kù. Níbo ni yóò ti wá? Nínú owó oṣù tàbí nínú ọjà yín ni.

Ẹ sì rántí pé ẹgbẹ́ yóò ti máa yọ owó láti oṣù tó tẹ̀lé ọjọ́ tí ẹ gba ẹ̀yáwó, nígbà tí yàrá kò tíì ní òrùlé. Bí iṣẹ́ bá gba oṣù mẹ́fà, ẹ ó ti san bíi ₦550,000 kí ayálégbé tó gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé.

A kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Yàrá náà yóò ṣì máa pa owó lẹ́yìn tí gbèsè bá tán. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ mọ ibi tí owó oṣooṣù yóò ti wá kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ pa owó díẹ̀ mọ́ fúnra yín ṣáájú. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ohun èlò sílẹ̀, ẹ béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà mẹ́ta, kí ẹ sì fi mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún kún àpapọ̀ rẹ̀, nítorí pé owó sìmẹ́ńtì kì í dúró lójú kan. Ẹ gba rìsíìtì.

Bí owó kò bá tó, ẹ dín yàrá kù lórí ìwé. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ohun tí ẹ ó fi sílẹ̀ ní ìdajì. Ògiri tí kò ní òrùlé, òjò ni yóò máa pa á.

7. ÀKÓKÒ ÀTI ÀWỌN ONÍṢẸ́

Òjò ńlá wa bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, ó máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó sì tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti kẹwàá. Ẹ lo ìgbà òjò láti gba ìwé, láti ya àwòrán, láti fi owó pamọ́, àti láti wo ibi tí omi ń gbà. Ìgbà òjò ni ilẹ̀ ń sọ òótọ́. Ní oṣù kọkànlá, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀. Kí òrùlé ti wà lórí kí oṣù kẹta tó parí.

Ẹ lọ wo ilé tí bíríkìlà náà ti kọ́ rí, kì í ṣe èyí tó ń kọ́ lọ́wọ́ nìkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá ó ń là. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: iṣẹ́ wo, iye wo, ọjọ́ wo. Ẹ san owó ní ìpele: nígbà tí ìpìlẹ̀ bá parí, nígbà tí ògiri bá dé líńtẹ̀lì, nígbà tí òrùlé bá wà lórí, kí díẹ̀ sì kù títí òjò kan yóò fi rọ̀ sí i. Ẹni tó bá gba gbogbo owó rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìpè fóònù ni yóò kù láàrin yín.

Ẹ sọ fún aládùúgbò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú àwòrán náà lọ hàn án. Ẹni tí a ti bá sọ̀rọ̀ kì í sábà lọ fẹjọ́ sùn.

ÌPINNU ÌGBÌMỌ̀

Nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀, ìgbìmọ̀ ti pinnu pé láti ìsinsìnyí, ẹni tó bá fẹ́ yáwó kọ́lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ilé adìẹ, yóò mú nǹkan mẹ́rin wá: ìwé tó fi hàn pé ilẹ̀ kò sí lábẹ́ ìjọba, ìwé àṣẹ ìkọ́lé, àwòrán tó fi ibi sókàwéè àti kànga hàn, àti ìṣirò owó. Ènìyàn méjì nínú ìgbìmọ̀ yóò lọ wo ilẹ̀ náà. A ó sì máa san ẹ̀yáwó náà fún un ní ìpele, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí inú bá bí sí èyí, kó rántí opó tó ń ta ẹja. Owó tí a ń yá ara wa, òógùn ojú ẹlòmíràn ni.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí kí ẹ tó wá, kí ẹ sì ka á fún ẹni tí kò lè kàwé.

(a) Kí ni àṣìṣe mẹ́ta tí ọmọ ẹgbẹ́ wa ṣe? Kí ni àṣìṣe ìgbìmọ̀?
(b) Ibo ni sókàwéè ilé yín wà? Ẹ̀sẹ̀ mélòó ló jìn sí kànga?
(d) Yàrá kan fẹ̀ ní mítà 3, ó gùn ní mítà 4, kò ní ògiri inú, ó ga ní mítà 3. Láì yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, búlọ́ọ̀kù mélòó ni? (Ìdáhùn: 420.)
(e) Kí ló dé tí a kò fi gbọ́dọ̀ lo iyanrìn etí òkun?
(ẹ) Bí ẹ bá ń dúró fún ẹnìkan, kí ló yẹ kí ẹ lọ fojú ara yín rí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni a fẹ́ kí ẹ ronú lé lórí jù lọ. Ẹ̀yin oníduùró, ẹ má tijú láti béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò bá a mú okùn ìwọ̀n dání.

Olúwa yóò jẹ́ kí a kọ́lé, yóò sì jẹ́ kí a gbé inú rẹ̀. Ó dìgbà ìpàdé.